Ìrora Tí Mo Gbé Lọ sí Bìní

Ẹ̀yin ará Ṣakí tí ẹ wá kí mi lọ́sẹ̀ tí mo dé, ẹ bi mí pé kí ni mo lọ ṣe ní Bìní, mo sì dá yín lóhùn pé mo lọ kí àbúrò mi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Mo jókòó báyìí láti kọ ìyókù sílẹ̀.

Télọ̀ ni mí. Mo ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta. Láti ìgbà tí mo ti ṣe fírídọ̀mù ni mo ti ń jókòó ti ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ìrora kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu láàárín ibi tí mo fi ń jókòó àti ibi tí mo fi ń tọ̀. Bíi pé mo jókòó lé òkúta ni ó ń ṣe mí. Nígbà mìíràn á gun abẹ́ ikùn, nígbà mìíràn á sọ̀ kalẹ̀ sí itan. Mo ń tọ̀ léraléra, ìtọ̀ náà kì í sì í tó nǹkan. Bí mo bá bá ìyàwó mi sùn, ọjọ́ kejì ni n óò jẹ ìyà rẹ̀.

Ọkùnrin tó ni kẹ́míìsì ní àdúgbò wa ní àtọ̀sí ni, ó kó káàpúsù fún mi. Obìnrin alágbo ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó bu ìgò méjì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìpá ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí n yé gbé nǹkan wúwo. Mo gba gbogbo wọn gbọ́, mo lo gbogbo rẹ̀, ìrora náà sì jókòó síbi tó wà.

Ọ̀rọ̀ àtọ̀sí yẹn ló dé etí ìyàwó mi. Ìyá Sùlíyà kò bá mi jà. Ó gbé Kùránì wá, ó ní kí n búra pé n kò bá obìnrin mìíràn lò. Mo búra. Lọ́jọ́ kejì ó ká ẹní rẹ̀, ó sì kó lọ sí yàrá àwọn ọmọ. Ó ń se oúnjẹ fún mi, ó ń kí mi, ó ń fọ aṣọ mi, ṣùgbọ́n kò padà wá.

Ohun tí n kò sọ fún òun náà ni ti bàbá mi. Ìtọ̀ ló pa wọ́n. Ó sé mọ́ wọn nínú, wọ́n ń tijú, wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí ikùn wọn fi le bí igi. Nígbà tí a fi gbé wọn dé ọsibítù, ó ti pẹ́. Gbogbo ìgbà tí ìrora yẹn bá mú mi ni mo ń rí ojú wọn.

Sìdíkátù, àbúrò mi tí a ń pè ní Sìdí, tó ń ta gàrí àti ẹ̀wà ní ọjà Santana ní Bìní, ló fi ẹ̀sọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi lórí fóònù. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Àwọn dókítà wà níbí tí wọn kì í ṣe nǹkan mìíràn ju irú èyí lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó ń ṣe yín kí ẹ tó gbé oògùn mìíràn mì."

*Lójú ọ̀nà*

N kò ní fi ìrìn ọkọ̀ dá yín lágara. Ìdí ọ̀tún ni mo fi jókòó títí a fi kọjá Ìbàdàn, tòsì ni mo fi jókòó títí a fi dé Ọ̀rẹ̀. Ní Ọ̀rẹ̀, àwọn kan sọ̀ kalẹ̀, àwọn mìíràn wọlé, láti ibẹ̀ lọ ni mo ṣàkíyèsí pé èdè ń yí padà nínú ọkọ̀. Tẹ́lẹ̀, gbogbo wa ń bá dírẹ́bà jiyàn ní Yorùbá. Nígbà tó yá, ó ku èmi àti ọkùnrin kan tó ń sùn. Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí n kò gbọ́.

Obìnrin kan tó jókòó tì mí ń wò mí bí mo ṣe ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún. Kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó ká a ní ìlọ́po mẹ́rin, ó nà án sí mi, ó ní, "Oga, put am for under." Mo jókòó lé e títí a fi wọ Bìní. Nígbà tí mo fẹ́ dá a padà, mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe nílé, nítorí ó jù mí lọ. Ó fi ẹ̀rù wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mo ń kí.

*Oregbeni*

Ilẹ̀ Bìní pupa ju tiwa lọ. Ó ti kun ẹsẹ̀ ògiri gbogbo ilé, ó sì kun bàtà mi kí n tó dé ẹnu ọ̀nà Sìdí ní Oregbeni, lápá òkè Ikpoba. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta sáré jáde. Mo kí wọn, mo ki oríkì wọn, mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ mí. Èyí àgbà ní, "Good evening, uncle. You are welcome, sir." Àwọn méjì tó kù tẹ̀ lé e.

Sìdí fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ má bínú, Bọ̀dá mi. Etí wọn gbọ́ Yorùbá, ẹnu wọn ni kò gbọ́."

Ilé náà ní yàrá mẹ́jọ, ayálégbé ló sì wà nínú gbogbo wọn. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, baba arúgbó kan jókòó sórí àga, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì àti ìró. Àpò rọ́bà kan so mọ́ ẹsẹ̀ àga náà, ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sì ti abẹ́ ìró rẹ̀ wọ inú àpò. Ìtọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń kí i, òun náà ń dáhùn. Mo gbé ojú kúrò. Ó rí mi.

"Na piss," ó ní. "E no dey bite."

Pá Osagie ni wọ́n ń pè é. Ó ti ṣiṣẹ́ ọ̀nà rí, kó tó fẹ̀yìn tì. Láti ọjọ́ kejì tí mo dé ni a ti di ọ̀rẹ́, nítorí n kì í lè jókòó pẹ́, òun kì í sì í lè rìn jìnnà, nítorí náà mo ń dúró tì í. Òun ló kọ́ mi láti máa sọ "Kọ́yọ" bí mo bá pàdé ènìyàn, àti "Uruẹsẹ" bí wọ́n bá ṣe mí lóore. Ó sọ fún mi pé ní àárọ̀, ìdílé Bìní kọ̀ọ̀kan ní ìkíni tirẹ̀ tí ọmọ fi ń kí òbí, tí ènìyàn bá sì gbọ́ ọ, ó ti mọ ilé tí ọmọ náà ti wá. Mo fetí sílẹ̀ ní òwúrọ̀, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ tó kúnlẹ̀. Ọmọ náà ti ní irùngbọ̀n. Ó dúró lórí eékún títí baba fi dá a lóhùn.

Ìyàwó Pá gbé iyán àti ọbẹ̀ dúdú wá fún mi lọ́jọ́ náà. N kò rí irú rẹ̀ rí. Ó dúdú bí ilẹ̀ àkùrọ̀, ó ní ewúro, ó ní efinrin, ẹja gbígbẹ sì wà nínú rẹ̀. Mo rò pé á korò. Ó korò lóòótọ́, lẹ́yìn náà ó dùn. Obìnrin náà dúró sí ẹnu ọ̀nà títí mo fi gbé òkèlè kẹta, ó wá lọ. Sìdí ní bí mo bá ti dúró ní òkèlè kejì ni, inú ìbá bí i.

*Ugbowo*

Ọsibítù tí Sìdí mú mi lọ kò jìnnà sí yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún títì, kẹ̀kẹ́ ń já wọn sílẹ̀, ó ń gbé àwọn mìíràn. Dókítà tó rí mi jẹ́ ọmọ Bìní, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ kò ròkè. Mo ti múra sílẹ̀ pé á kọ oògùn fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò gbé bírò títí tó fi bi mí ní ìbéèrè tí n kò lè kà tán.

Níbo gan-an? Ìgbà wo ló máa ń le? Ṣé bí mo bá jókòó ni, àbí bí mo bá dìde? Ṣé ó ń ta mí bí mo bá ń tọ̀? Ṣé mo ti rí ẹ̀jẹ̀ rí? Ṣé ibà ń mú mi? Ṣé mo máa ń yàgbẹ́ dáadáa? Lẹ́yìn tí mo bá bá ìyàwó mi sùn ńkọ́? Ṣé mo ti ṣubú rí, tàbí mo ti gun alùpùpù lọ ọ̀nà jíjìn? Ṣé ìtọ̀ ti dá bàbá mi láàmú rí? Iṣẹ́ wo ni mo ń ṣe? Nígbà tí mo ní télọ̀, ó kọ nǹkan sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Pijin ló fi bi mí, pijin ni mo fi dá gbogbo rẹ̀ lóhùn, ẹnu sì yà mí pé ó rọrùn. Ohun tí n kò lè sọ fún ìyàwó mi ní Yorùbá láti ọdún méjì, mo kà á sílẹ̀ fún àjèjì yìí bí ẹni tó ń ka iye aṣọ tó ń rán.

Mo kó orúkọ gbogbo oògùn tí mo ti lò fún un. Ó wò wọ́n, ó mi orí. "Ta ló ṣe àyẹ̀wò fún ọ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí?"

Mo ní kò sí.

"Ó dára. Ibi kan náà lè máa dun ọkùnrin mẹ́wàá, kó sì jẹ́ ohun mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kòkòrò àrùn lè wà níbẹ̀. Òkúta lè wà nínú àpò ìtọ̀. Kókó tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, tí wọ́n ń pè ní prostate, lè wú, tàbí kó ní jẹjẹrẹ. Ìpá lè fà á. Iṣan lè fà á. Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò ní kàn méfò kí n sì mú ọ̀kan."

Ó ní kí n dùbúlẹ̀, ó tẹ ikùn mi, ó ní kí n wúkọ́, ó ní kò sí ìpá. Lẹ́yìn náà ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ sùn kí n ká orúnkún mọ́ra, ó sì sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún mi kó tó ṣe é. Ìka kan ló fi wọ ojú ìdí mi. Mo wo ògiri. Kàlẹ́ńdà kan wà níbẹ̀, mo ń ka àwọn ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ó ní, "Kókó náà kò le, kò sì wú." Ó wá yí ìka rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó tẹ ibì kan fẹ́ẹ́rẹ́.

Mo pariwo.

"Ṣé ibí ni?"

"Ibẹ̀ gan-an ni, dókítà. Ibẹ̀ gan-an ni."

Ọdún méjì ni mo fi ń wá ẹni tó máa fọwọ́ kàn án.

Kò tíì sọ ohun tó jẹ́ fún mi. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ìtọ̀ mi wò, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ bóyá kòkòrò máa hù nínú rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láti wo àrùn ìbálòpọ̀ àti láti wo ti kókó náà. Wọ́n ní kí n mu omi títí ìtọ̀ fi gbọ̀n mí, wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú mi, wọ́n ní kí n lọ tọ̀, wọ́n tún wò ó bóyá ìtọ̀ ṣẹ́kù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni kí n padà wá.

*Ọ̀sẹ̀ kan*

Mo ń bá Sìdí lọ sí Santana. Mo ń dúró tì í ní ìsọ̀, mo ń bá a wọn gàrí. Àwọn oníbàárà a máa pè mí ní "Yoruba man", láìsí ìwọ̀sí nínú rẹ̀, bí ẹni ń pe ènìyàn ní ẹni gíga. Obìnrin kan bi Sìdí bóyá ọkọ rẹ̀ tuntun ni mí, gbogbo ìlà wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi wà nínú ìgò kékeré tí mo tọ̀ sí.

Lọ́jọ́ kan, mo sọ ti bàbá mi fún Pá Osagie. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní òun náà ti ń jí tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún, fún ọdún mẹ́ta, òun ń sọ fún ìyàwó òun pé omi tí òun mu ló pọ̀. Ọjọ́ tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde mọ́ ni wọ́n gbé òun lọ sí ọsibítù. Wọ́n ti gé díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí èmi padà wá náà ni wọ́n ní kí òun wá gbọ́ èsì.

"We go go together," ó ní.

*Èsì*

A jọ lọ. Sìdí ń mú mi, ọmọ Pá Osagie onírùngbọ̀n ń mú baba rẹ̀. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè.

Dókítà tẹ́ ìwé sílẹ̀, ó ń fi bírò fa igi lé wọn bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Kòkòrò kò hù nínú ìtọ̀. Kò sí àtọ̀sí, kò sí àrùn ìbálòpọ̀ kankan. Kò sí òkúta. Àpò ìtọ̀ ń gbá gbogbo ìtọ̀ jáde. Kókó náà kò wú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì dára. Ó ní nítorí ti bàbá mi, kí n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti ìsinsìnyí lọ.

"Kí ló wá ń dùn mí?"

"Iṣan. Ó ti há. N óò fi ọ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó mọ iṣan."

Mo jáde, wọ́n pe Pá Osagie wọlé. Kò pẹ́. Nígbà tó jáde, ojú ọmọ rẹ̀ ti wú. Baba náà fi ọwọ́ lé mi léjìká, ó kọ́kọ́ béèrè tèmi. Mo ní iṣan ni. Ó ní, "Thank God." Mo ní tirẹ̀ ńkọ́? Ó ní tòun ni èyí tí kò dára, ó sì ti rìn dé egungun. Wọ́n máa fún òun ní abẹ́rẹ́ tó máa dì í mú, wọn kò mọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀. Ó wá ní, "You be young man. Go tell una people. Tell the men."

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

*Obìnrin Èkìtì*

Ẹni tó mọ iṣan náà wà ní ilé kejì nínú ọgbà kan náà. Obìnrin ni, kò tíì tó ogójì ọdún, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì náà. Ó ka orúkọ mi lórí ìwé, ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ẹ káàsán, sà. Ṣé ẹ lè sọ ibi tó ń dùn yín fún mi?" Yorùbá ni, ohùn Èkìtì sì ń dún nínú rẹ̀.

Ìtìjú mú mi lójijì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí n óò ṣe tún gbogbo ohun tí mo ti sọ wẹ́wẹ́ fún dókítà sọ. Ní pijin, wọ́n jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí màmá mi nà mí lé lórí nígbà kékeré ni wọ́n.

Ó rí i. Ó yí ojú sí ìwé rẹ̀. "Ẹ sọ ọ́ ní èdè tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, sà."

Bẹ́ẹ̀ ni èmi ọmọ Ṣakí ṣe ń fi pijin bá ọmọ Èkìtì sọ̀rọ̀, tó ń fi Yorùbá dá mi lóhùn.

Ó ní àwọn iṣan kan tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìbàdí, àwọn ló gbé àpò ìtọ̀ àti ìfun ró. Bí ẹ̀rù bá ń ba ènìyàn, tàbí tó bá jókòó gan-n-gan fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè máa fún wọn pọ̀ láìmọ̀. "Bí ẹ bá di ẹ̀ṣẹ́ fún ọdún méjì, sà, ṣé ọwọ́ yín kò ní máa dùn yín?"

Ó kọ́ mi bí a ṣe ń mí sí ikùn títí ìsàlẹ̀ á fi rọ̀. Ó ní kí n dùbúlẹ̀, kí n ká orúnkún sí àyà. Ó ní kí n máa dìde nídìí ẹ̀rọ lẹ́yìn aṣọ kọ̀ọ̀kan, kí n máa jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí n má ṣe mu káàpúsù kankan mọ́ tí dókítà kò bá kọ ọ́. Ó wá béèrè pé, "Kí ló ń bà yín lẹ́rù nílé, sà?"

N kò mọ ìgbà tí mo padà sí Yorùbá. Mo sọ ti bàbá mi. Mo sọ ti ẹní tí ìyàwó mi ká. Omi bọ́ lójú mi, mo sì jẹ́ kó bọ́. Ó jókòó, kò sọ pé kí n má sunkún, kò sì wo aago.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Kò san lójú ẹsẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo jókòó jẹun tán láìyí ìdí padà, Sìdí ló sì kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀. Títí di òní ó ṣì máa ń wá, pàápàá bí mo bá bínú, ṣùgbọ́n mo ti mọ orúkọ rẹ̀, ó sì máa ń lọ.

*Ilé*

Mo dé Ṣakí ní ọ̀sán. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti tú ẹrù mi tán, mo pe Ìyá Sùlíyà sí yàrá, mo tẹ́ ìwé ọsibítù sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kò sí àrùn ìbálòpọ̀. Ó lè ka gẹ̀ẹ́sì. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Mo ti mọ̀," ó ní.

Mo ní, "O ti mọ kí ni?"

Kò wò mí. "Bàbá Sùlíyà, ẹ má bínú. Ní ọdún tó kọjá, mo lọ sí ọsibítù. Mo ní kí wọ́n yẹ̀ mí wò. Wọn kò rí nǹkan kan lára mi. Mo mọ̀ láti ìgbà náà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òótọ́ lẹ búra."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ fún yín, ẹ óò mọ̀ pé mo lọ nítorí n kò gbà yín gbọ́. Ojú tì mí. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, ó ń le sí i láti padà wá."

Mo wá ìbínú nínú ara mi, n kò rí i. Èmi tí mo fi ti bàbá mi pamọ́ fún un, kí ni mo fẹ́ sọ? Mo kàn bi í léèrè bóyá ó dùn ún nígbà tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ó ní ó dùn díẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì bi òun pé ta ló bá òun wá.

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní ọkọ mi ń bọ̀, pé ó ń wá ibi tó máa gbé ọkọ̀ sí."

A kò ní ọkọ̀. Ó dìde, ó lọ kó ẹní rẹ̀ wá.